Mo ṣí fáírọ́ọ̀sì nínú VM, wáì-fáì ilé wa wá ń ṣe ségesège

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́ o. Mo ń kọ́ cybersecurity fúnra mi, mo wá dáńlóòdù fáírọ́ọ̀sì kan, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú zip tí páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ ń jẹ́ infected, mo ṣí i nínú Windows 7 tó wà nínú VirtualBox lórí láptọ́ọ̀pù mi, ìyẹn VM, kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi. Láti àná wáì-fáì ilé wa ò já geere mọ́, Google ń bi àbúrò mi bóyá róbọ́ọ̀tì ni, kọ̀ǹpútà tí mọ́mì fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà náà ń lọ́ra. Inú VM ni mo kúkú ti ṣe é, báwo ló ṣe máa jáde?

Ìdáhùn: Ká tó dé orí ìyẹn, lọ pa VM yẹn ná. Power off ni kó o tẹ̀ o, má tẹ Save state, torí ìyẹn kàn máa gbà á pamọ́ bó ṣe wà ni, tó o bá tún ṣí i á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Pa wáì-fáì lórí láptọ́ọ̀pù, pa rúútà, kó o sì bẹ mọ́mì kí wọ́n má fi kọ̀ǹpútà yẹn wọ báńkì, kẹ́nikẹ́ni má sì ki fúláàṣì bọ̀ ọ́. Ó lè má tíì wọ ẹ̀rọ kankan, kó jẹ́ pé inú VM yẹn náà ló jókòó sí tó ń wá kọ̀ǹpútà tó máa kó ràn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nìkan tó láti mú kí nẹ́tíwọ̀kì fà. Ti Google yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan ṣá, torí tó bá jẹ́ rúútà oní-SIM lẹ ń lò, ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì máa ń kó sábẹ́ IP kan ṣoṣo (nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀), ó lè jẹ́ ẹlòmíì ló bà á jẹ́. Kọ̀ǹpútà mọ́mì ló ń kọ mí lóminú. Kí lo fi network VM yẹn sí?

Ìbéèrè: NAT ni. Ṣebí wọ́n ní Bridged ni kò dáa?

Ìdáhùn: Ohun tó ń kó bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bridged burú lóòótọ́, rúútà á fún VM ní IP tiẹ̀ bíi fóònù yòókù nínú ilé, gbogbo wọn á sì máa rí ara wọn. Ṣùgbọ́n NAT dà bíi géètì tí wọ́n ti mọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti ìta, tí ẹni tó wà nínú sì lè ṣí i jáde nígbà tó bá wù ú. Ẹ̀rọ ilé ò lè dédé kan VM, àmọ́ VM lè kàn wọ́n. Lo VM mìíì tó mọ́ kó o fi wò ó, tẹ nọ́ńbà rúútà yín, bíi 192.168.1.1, sínú browser ẹ̀, wàá rí ojú ìwé rúútà gbangba. Tó bá lè dé rúútà, ó lè dé ọ̀dọ̀ mọ́mì. Wo WannaCry, fáírọ́ọ̀sì ti May 2017, port 445 (ẹnu ọ̀nà) tí Windows fi ń pín fáìlì ló ń gbà wọlé, kò nílò kẹ́nikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti March ọdún yẹn, MS17-010, àwọn tí ò ṣe update ló kó sí i lọ́wọ́. Ìgbà wo ni mọ́mì ṣe update kẹ́yìn?

Shared folder ńkọ́ o? Tó o bá pín Desktop rẹ fún VM, tó wá lọ jẹ́ ransomware (fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó) lo ṣí, á ti gbogbo fáìlì Desktop yẹn pa láìtiẹ̀ jáde nínú VM, torí ìwọ náà lo fún un láyè láti kọ nǹkan síbẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá wá yọ dátà kúrò, tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, ṣé mo lè máa ṣe é lọ?

Ìdáhùn: Háà, rárá o! WannaCry yẹn náà, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ó máa ń kọ́kọ́ pe adírẹ́ẹ̀sì wẹ́ẹ̀bù kan, tí wọ́n bá dá a lóhùn níbẹ̀ á dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó ni adírẹ́ẹ̀sì ọ̀hún tẹ́lẹ̀, ìgbà tí Marcus Hutchins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni ọwọ́jà ẹ̀ tó rọlẹ̀. Ìwọ wá yọ dátà, wáì-fáì ṣì ń ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀rọ ilé ṣì wà lórí ẹ̀, ó pe adírẹ́ẹ̀sì yẹn kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ó bá gbéra sọ, ó ń wá port 445 kiri ilé yín. Nẹ́tíwọ̀kì ilé ni kó o gé e kúrò lórí ẹ̀. Nínú Settings VM, mú Not attached (kò so mọ́ nẹ́tíwọ̀kì kankan) tàbí Internal Network (àwọn VM nìkan ló ń rí ara wọn). Host-only ṣì ń rí láptọ́ọ̀pù rẹ fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí kì í mira láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé REMnux (Linux tí wọ́n ṣe fún yíyẹ fáírọ́ọ̀sì wò) sínú VM kejì lórí Internal Network kan náà, kó o tan INetSim, òun á máa díbọ́n bí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa tún ti ilé ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Pa VM yẹn rẹ́ pátápátá, má gbẹ́kẹ̀ lé snapshot (bí VM ṣe rí tó o gbà pamọ́), VM nìkan nìyẹn máa dá padà sí bó ṣe wà. Lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, tó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11, ṣe Microsoft Defender Offline scan, á tún ara ẹ̀ tàn, á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó dìde. Fi hotspot fóònù ṣe update wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó padà sórí wáì-fáì. Tí páásíwọ́ọ̀dù rúútà bá ṣì jẹ́ admin, pààrọ̀ ẹ̀ lónìí, irú páásíwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mirai fi kó kámẹ́rà àti rúútà rẹpẹtẹ lọ ní 2016. Fóònù tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ti báńkì àti email. Àkọsílẹ̀ mọ́mì, má gbé e sí VirusTotal (ibi tí wọ́n ti ń yẹ fáìlì wò fún fáírọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) o, àwọn tó ń sanwó níbẹ̀ lè dáńlóòdù ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Ìdáhùn: Ta ló ní kó o jáwọ́? Tó bá jẹ́ bóyá antivirus rẹ jí lo fẹ́ mọ̀, EICAR wà, fáìlì ìdánwò ni, lẹ́tà 68 péré, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Tó bá di èyí tó gbóná, wá láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, yọ káàdì wáì-fáì ẹ̀, kó o má fi ṣe nǹkan mìíì mọ́, torí VM fúnra ẹ̀ náà máa ń jò, àlébù kan tí wọ́n rí ní 2015, VENOM, lè jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì gba ibi floppy inú VM jáde, floppy tí kò sẹ́ni tó ń lò mọ́! Orúkọ ta ni SIM rúútà yẹn sì wà? Tó bá jẹ́ NIN dádì ni, tí nǹkan bá lọ ṣẹlẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì yín, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè.