Ẹ kọ S sílẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó ronú ìdáhùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe crossword Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn eré tẹ́ ẹ ti ń kọ lẹ́tà ìdáhùn sínú àpótí, táwọn ọ̀rọ̀ sì ń dábùú ara wọn, lórí Nintendo DS, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, ẹ má jókòó ti ìbéèrè àkọ́kọ́ títí bátìrì á fi kú o. Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo ìbéèrè tó ń sọ nǹkan tó ju ẹyọ kan lọ, kẹ́ ẹ kọ S sínú àpótí tó gbẹ̀yìn, kódà tẹ́ ò bá tíì mọ ìdáhùn. Tí wọ́n bá ní àwọn ẹran ilé tó ń gbó, lẹ́tà mẹ́rin, DOGS ni, S yẹn á ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dábùú ẹ̀ náà sì ti rí lẹ́tà kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ wà. Ìbéèrè tó bá ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá, ED ló sábà máa ń gbẹ̀yìn ìdáhùn ẹ̀. Àmọ́ CHILDREN àti MICE ò ní S kankan o, tí ọ̀rọ̀ tó dábùú bá ti kọ̀ ọ́, ẹ tètè pa á rẹ́.