Bí mo ṣe fa PRD yọ nínú kóòdù tí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ

Ẹni tó kọ áàpù tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ní Yábàá ti kúrò kí n tó dé. README rẹ̀, ìyẹn fáìlì tó yẹ kó ṣàlàyé áàpù, ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Áàpù náà ni àwọn aláṣọ ọjà Balógun fi ń pe ọlọ́kadà dispatch tó ń kó ẹrù wọn lọ fún oníbàárà. Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá mi ní òun fẹ́ PRD kó tó di ọjọ́ Ajé, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí áàpù gbọ́dọ̀ ṣe, ta ló ń ṣe é fún, àti ìdí tó fi ń ṣe é.

Ẹ má tíì ka kóòdù. Ìtàn rẹ̀ nínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, ni kí ẹ kọ́kọ́ kà: git log --oneline --reverse. Lẹ́yìn náà, ẹ fi git log --diff-filter=D --name-only wo àwọn fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n ti ṣe wallet (àpò owó inú áàpù) rí, wọ́n sì yọ ọ́ dànù. Ká ní n ò wò ó ni, ǹ bá gbé e wá fún ọ̀gá bí àbá tuntun, kó wá fi mí ṣẹ̀sín.

Ó kan foldà migrations, tó ń fi ohun tí wọ́n ń tọ́jú hàn, àti routes, tó ń fi ohun tí èèyàn lè ṣe hàn. Ẹ má fo àwọn test o, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ áàpù wò bóyá ó ń ṣe ohun tó yẹ. Orúkọ test dáadáa kan ti tó gbólóhùn kan nínú PRD.

Ìgbà yìí ni mo tó pe AI. Foldà kan lẹ́ẹ̀kan ni mo ń fún un, n kì í sì í fi .env, fáìlì tí àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà wà, kún un láéláé. Mo sọ fún un pé: gbogbo gbólóhùn tí o bá kọ, fi orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà sí i, èyí tó bá jẹ́ pé o kàn rò ó ni, kọ "àbá" síwájú rẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti sọ̀rọ̀ owó, èmi fúnra mi ni mo ń ṣí i wò. Ó rí 150000, ó kọ ₦150,000. Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó níbẹ̀: ₦1,500 ni.

Àṣìṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú kò hàn bẹ́ẹ̀. AI kọ ọ́ pé áàpù kì í gba ẹrù mọ́ tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù. Mo ṣí fáìlì náà, mo bá getHours() >= 16 níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì mo wọ dáńfó lọ sí Ìdúmọ̀tà, mo rìn wọ Balógun lọ bá ìyá kan tó ń ta léèsì.

"Aago mẹ́rin kẹ̀, ọmọ mi? Aago márùn-ún ni wọ́n máa ń tì í mọ́ wa lórí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ gan-an ni owó àwọn ará Ìbàdàn máa ń wọlé."

Aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni sáfà wa (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) ń lò, Èkó sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Ká ní mo fi PRD yẹn ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ì bá tún kóòdù ṣe kó lè bá ìwé mu, ọjà wákàtí kan ì bá sì bọ́ lọ́wọ́ ìyá yìí lójoojúmọ́.

Nítorí náà, mo kọ méjèèjì: ohun tí kóòdù sọ, àti ohun tí ará ọjà ń rí. Ibi tí n ò bá ti mọ ìdí, mo kó o sí ojú ewé kan tó jẹ́ ti ìbéèrè nìkan. Mọ́kànlá ni wọ́n. Git blame jẹ́ kí n mọ ẹni tó kọ 16 yẹn, mo sì pè é.

Ó ní òun ò rántí.