Bí A Ṣe Lè Dín Ìnáwó Ilé Àwọn Ẹgbẹ́ Aláàánú Kù ní Ìbàdàn

Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó wà ní Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ ilé ọmọ òrukàn, ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ọwọ́, kọ́ ni wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ń lò. Wọ́n yá a ni, tàbí kí ẹnì kan ti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná fún àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná fún, ó kéré tán, wákàtí ogún lójúmọ́) sì fò sókè sí ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024 (wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà sí iye àtijọ́), owó tó yẹ kó ra oògùn tàbí oúnjẹ ọmọdé ni jẹnẹrétọ̀ àti mítà ń gbé mì.

Ẹni tó bá fẹ́ ran irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, yálà onímọ̀ ẹ̀rọ ni tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ wọn, kì í pẹ́ dárúkọ sólà. Èrò tèmi ni pé sólà ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ilé tó ń fi iná ìjọba ṣòfò yóò fi iná oòrùn náà ṣòfò, òfò ọ̀hún yóò sì wá bọ́ sórí bátìrì, tí kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú.

Ẹ wo ìwé owó kí ẹ tó wo òrùlé

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun, ẹ gba àkọsílẹ̀ owó ọdún kan gbáko lọ́wọ́ akápò: owó yúníìtì iná, owó epo, owó omi ọkọ̀ tánkà, owó gáàsì tàbí igi ìdáná. Ọ̀pọ̀ akápò ni kì í ya epo jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára epo ọkọ̀, nítorí náà ẹ óò fi sùúrù tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ so ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, kí ẹnì kan máa kọ nọ́ńbà ojú mítà sínú rẹ̀ láàárọ̀ kùtù àti nígbà tí iṣẹ́ bá parí, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì máa kọ iye lítà tí wọ́n dà sínú jẹnẹrétọ̀. Ìwé yìí ni yóò fi hàn yín bóyá nǹkan kan ń jẹ iná ní òru nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lọ sílé.

Bí ilé náà kò bá ní mítà, tó jẹ́ pé bíìlì ìfojúdíwọ̀n ni IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní Ìbàdàn, ń mú wá, mítà ni ẹ kọ́kọ́ lépa. Ẹni tí wọ́n ń fojú díwọ̀n iná fún lè pa gbogbo gílóòbù ilé rẹ̀, kí iye tó wà lórí bíìlì má sì yí padà. Bí ayálégbé mìíràn bá sì ń pín mítà kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà, ẹ fi mítà kékeré ya tiwọn sọ́tọ̀, kí ìjàdù má baà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìnáwó bá lọ sílẹ̀.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ẹ wá rìn yí ilé náà po pẹ̀lú agbálẹ̀, bàbá ọlọ́dẹ àti ìyá tó ń se oúnjẹ. Àwọn ni wọ́n mọ yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lè jókòó sí, iná tó ń tàn mọ́jú àti ẹ̀rọ omi tó ń jò. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kì í sábà mọ̀.

Ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà

Ohun tó mú ẹ̀rọ amúlétutù wọ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni páànù tí kò ní àjà lábẹ́, tàbí tí àjà rẹ̀ ti já. Oòrùn á mú páànù gbóná láti òwúrọ̀, páànù á sì máa tú ooru náà lé àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ ìlú yìí kò ṣàìmọ ọgbọ́n tí a fi ń kọ́ ilé tó tura. Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti Ìlú Ọba, sì ń ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wọ́n lo ògiri oníhò, wọ́n sì jẹ́ kí ojú ilé ṣí kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó sì gba èkejì jáde. Ilé tí ẹ ń bójú tó lè ní irú ihò bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kan ti fi símẹ́ńtì dí nígbà tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ẹ là á padà.

Láti orí fèrèsé ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù àti páálí ìwé tó dí wọn kúrò, ẹ tún lúfà tó ti há ṣe, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, nítorí pé bí ẹ̀fọn bá ń wọlé, kò sí àlàyé tí yóò mú kí òṣìṣẹ́ ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gòkè. Níbi tí kò bá sí àjà, ẹ ṣe é. Ìsọ̀ pákó kò ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn. Kí káfíńtà fi ihò tí a ta nẹ́ẹ̀tì bò sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun òrùlé méjèèjì, kí atẹ́gùn gbígbóná tó há sáàárín àjà àti páànù lè rí ọ̀nà jáde. Bí owó kò bá tó fún àjà, ẹ fọ páànù mọ́, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun tí a ṣe fún òrùlé kùn ún, nítorí pé funfun a máa dá ìtànṣán oòrùn padà, páànù tó ti dípẹtà a sì máa fà á mọ́ra.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi bò: bí òrùlé tàbí àjà ilé náà bá jẹ́ ti asbestos (símẹ́ńtì tí wọ́n po fọ́nrán òkúta mọ́), bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ẹ má ṣe ha á, ẹ má ṣe gé e, ẹ má sì fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà títí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi dé.

Lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń jó ògiri, ìbòji ló ṣe pàtàkì. Ẹ lè ṣe ìbòrí sórí fèrèsé, ẹ sì lè gbin igi, bí kò bá ti sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé.

Bí ilé bá jẹ́ ti onílé, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí káfíńtà tó dé. Ohun tí kò ṣeé tú lọ, bí àjà àti ọ̀dà òrùlé, kí ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé pé yóò kúrò lára owó ilé. Èyí tó ṣeé tú lọ, bí fáànù, ínfátà àti sólà, kí ìwé kan náà sọ pé ti ẹgbẹ́ ni. Ìlérí ẹnu kò tó, kódà bí onílé bá jẹ́ ọmọ ìjọ kan náà.

Ohun tó ń jẹ iná

Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì mẹ́wàá, tí wọ́n bá ń tàn fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yóò jẹ yúníìtì mẹ́ta (yúníìtì kan ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan). LED oní-9 wáàtì mẹ́wàá kò ní jẹ tó ìdajì yúníìtì kan, ìmọ́lẹ̀ wọn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní ₦200 fún yúníìtì kan, ìyàtọ̀ náà lé ní ₦15,000 lóṣù. Fáànù òkè-àjà kan ń gba bí 70 wáàtì; ẹ̀rọ amúlétutù kan lè gba ju 1,000 wáàtì lọ. Bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ àjà àti fèrèsé dáadáa, fáànù yóò tó fún ọ̀pọ̀ yàrá.

Fún fíríìjì, ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì tì í. Bí owó náà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ilẹ̀kùn ti bàjẹ́, òtútù sì ń jáde. Fún ẹ̀rọ tó ń fa omi bóhóòlù, ẹ fi swíìṣì tó ń léfòó sínú tánkì, kí ẹ̀rọ náà lè pa ara rẹ̀ nígbà tí omi bá kún, dípò kí omi máa ṣàn sílẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi rántí.

Ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun ló ń náni lówó jù nínú ilé ọmọ òrukàn. Kí wọ́n rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí wọ́n máa dé ìkòkò, kí wọ́n sì mọ ààrò yí ìdí ìkòkò ká kí iná má baà tú dànù. Ìyá tó ń dáná ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀.

Omi òjò

Mílímítà òjò kan lórí mítà òrùlé kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà níbùú lóròó (bí àpẹẹrẹ, mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó), bí òjò bá rọ̀ tó mílímítà 20, lè fún yín ní bí 1,600 lítà lẹ́yìn ohun tó bá ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ fọ eruku òrùlé dànù ná, kí ẹ tó darí omi sínú tánkì tó ní ìdérí. Omi yìí dára fún ilé ìgbẹ́, ìfọṣọ àti ọgbà. Ẹ má ṣe mu ún bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ má sì gba omi òjò láti orí òrùlé asbestos.

Wàyí o, sólà

Ẹ tún mítà kà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iye tuntun yìí ni ẹ óò fi díwọ̀n sólà, kì í ṣe iye àtijọ́. Ká ní ilé náà ń jẹ yúníìtì márùn-ún lójúmọ́: ní Ìbàdàn, kìlówáàtì sólà kan lè mú bí yúníìtì mẹ́ta wá lójúmọ́ tí oòrùn bá ràn, yóò sì dín kù nígbà tí ìkúukùu bá bo ojú ọ̀run ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nítorí náà kìlówáàtì méjì ni ẹ óò máa wò. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù, kí ó dagun díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún nígbà ọyẹ́. Ẹ yẹ igi òrùlé wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé nǹkan lé e.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n ju bátìrì olómi lọ, ṣùgbọ́n a lè lò ó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kí a tó tún gba iná sí i, nígbà tí bátìrì olómi kì í pẹ́ kú bí a bá ń lò ó ju ìdajì lọ. Òjé tó wà nínú bátìrì olómi jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. Bí ó bá kú, kí ẹni tó ń ra bátìrì àtijọ́ gbé e lọ lódidi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ tàbí da omi rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà.

Àwọn olóore fẹ́ràn láti fi orúkọ wọn sára sólà, ẹni tí yóò sanwó àjà tàbí rọ́bà fíríìjì kì í sì pọ̀. Ẹ fi ìwé ẹ̀gbẹ́ mítà hàn wọ́n, ti àtẹ̀yìnwá àti ti ìsinsìnyí, kí ẹ sì tọrọ owó iṣẹ́ méjèèjì pa pọ̀ nínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Nínú owó tí ẹ ń rí fi pa mọ́ lóṣooṣù, ẹ yọ ìdá kan sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, tí wọn kò ní fi ṣe nǹkan mìíràn, kí owó bátìrì tuntun lè wà nílẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá parí iṣẹ́ rẹ̀.