Bí mo ṣe dá ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ tí kò fi di ahoro

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ara wọn ṣe ni mo dá sílẹ̀ lórí Telegram. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni mo ti ṣe tán kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ di ahoro ni pé dídá a sílẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ká fún un lórúkọ, ká fi àwòrán sí i, ká pín líǹkì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Inú ẹni á sì dùn bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn kan bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n fi dá tiwọn. Bí ìbínú bá ti rọlẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ bá ara wọn sọ mọ́. Àwọn kan tìtorí ayẹyẹ dá a, ayẹyẹ kọjá, ẹgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó dá a á wọlé, á kí gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn, ojú á tì í, kò sì ní padà wá.

Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà. Bí ẹ bá rí èyí tó ń dáhùn ìbéèrè láàárín ọjọ́ méjì, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ẹni tí ẹgbẹ́ wà fún. “Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn aṣọ rírán” ti fẹ̀ jù. “Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ dédé kọ iṣẹ́, tí kò mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó” ló tó: ẹni tó bá kà á á mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí.

Ní 2006, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, kọ ọ́ pé nínú èèyàn 100 tó wà nírú àwùjọ báyìí, nǹkan bí 90 kàn ń kà ni, 9 a máa dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì 1 ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ ṣírò ìyẹn fún ẹgbẹ́ ẹni 30, ẹ ó rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi pín líǹkì síta níbẹ̀rẹ̀. Èèyàn 12 ni mo yàn, mo sì bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: 8 tí ẹ̀rọ ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́lọ́wọ́, 4 tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Mo bi àwọn 8 náà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, mo sì bá wọn pín ọjọ́ tí kálukú á gbé tirẹ̀ wá. Nígbà tí Reddit, ìkànnì tí èèyàn ti ń jíròrò, bẹ̀rẹ̀ ní 2005, orúkọ ayédèrú ni àwọn tó dá a sílẹ̀ fi kún un kó má bàa dá páropáro. Mi ò fara mọ́ ìyẹn fún ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó máa tú ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí ìmọ̀ràn yín gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èèyàn gidi ló gba òun nímọ̀ràn.

Yàrá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣí nínú ẹgbẹ́. Àfi bí ọ̀rọ̀ méjì bá ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí ẹ tó pín in. Mo tún ṣí ìtàn ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá sílẹ̀ fún ẹni tuntun, torí bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ àdáni, Telegram lè má fi hàn án àyàfi bí ẹ bá yí ètò náà padà. Ẹni tó wọlé tí kò bá rí nǹkan kan kà á rò pé òfìfo ni.

Ìbéèrè gan-an ni mo fún láfiyèsí jù. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rọ mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa” kì í rí ìdáhùn, kì í ṣe pé àwọn èèyàn burú, kò sí ohun tí wọ́n lè dì mú nínú rẹ̀ ni. Mo lẹ ìlànà bí a ṣe ń béèrè mọ́ òkè ẹgbẹ́: irú ẹ̀rọ, ohun tó ń ṣe, ohun tí ẹ ti gbìyànjú, àwòrán kan. Bí ẹnì kan bá wá kọ ọ́ pé, “Òwú ń ta kókó lábẹ́ aṣọ, mo ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́, àwòrán nìyí,” ẹni tó mọ̀ á sọ pé ó ṣeé ṣe kí òwú òkè má wọ àárín àwo tó ń fún un, pé kó gbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè kó tó tún òwú náà fà. Mo máa ń ní kí olùbéèrè padà wá sọ ibi tó já sí. Èsì yẹn ló ń fún ẹni tó ń wò láti ẹ̀yìn nígboyà.

Bí mo bá tilẹ̀ mọ ìdáhùn, mo máa ń dúró fún wákàtí díẹ̀, màá wá dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn 4 yẹn. Bí olùdásílẹ̀ bá ń dáhùn gbogbo rẹ̀, àwọn yòókù á di òǹwòran. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kankan ò gbọdọ̀ sùn ju ọjọ́ kan lọ láìrí ìdáhùn.

Mo fi ádímínì méjì kún un kó tó rẹ̀ mí. Ẹ tètè ṣí Two-Step Verification pẹ̀lú, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kejì fún àkáǹtì yín, torí Telegram kì í jẹ́ kí èèyàn gbé ẹgbẹ́ fún ẹlòmíràn bí kò bá tíì pé ọjọ́ 7 tó ti ṣí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yẹn. Mo sì ń da àwọn ìdáhùn tó dáa jù kọ sínú fáìlì lóṣooṣù: àwọn ìkànnì tí ẹgbẹ́ ti ń pàdé náà máa ń parẹ́, Google+ kógbá wọlé ní 2019, Yahoo Groups ní 2020, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó wúlò sì bá wọn lọ. Tó bá sì di pé ẹgbẹ́ fẹ́ parí lóòótọ́, ẹ ti ọ̀rọ̀ kíkọ pa fún gbogbo èèyàn àyàfi ádímínì, kí ẹ lẹ ibi tí wọ́n lè lọ àti fáìlì yẹn mọ́ òkè.