Ajá Tó Ń Ṣọ́ Ewúrẹ́ Mi Kì Í Sá Jáde Mọ́

Oṣù 3 gbáko ni mo fi ń wá ajá yìí kiri ilé àwọn aládùúgbò. Irú ajá tí wọ́n ń pè ní Great Pyrenees ni, ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀. Ní Texas níbí, irú wọn la fi ń lé coyote (ẹranko ìgbẹ́ tó jọ ajá, tó ń pa ẹran jẹ) jìnnà sí ewúrẹ́. Bí mo bá ti wọlé báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, á gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ wáyà, ó di ojú títì.

Ẹ̀bi mi ni. Inú ilé ni mo ti tọ́ ọ láti kékeré, èmi ló wá ń ṣọ́ dípò ẹran. (Màmá mi ti sọ ọ́ lórí fóònù: “Ajá wo ló ń sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì?”)

Mo kọ́kọ́ fa wáyà iná sí ìsàlẹ̀ ọgbà, nǹkan bí ìnṣì 8 sílẹ̀. Kò gbẹ́ ilẹ̀ mọ́, àmọ́ igbe ò dúró. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni ọgbà kékeré tí mo ṣe sáàárín ewúrẹ́: ibẹ̀ ló ń jẹun, ibẹ̀ ló ń sùn. Mo ń fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ó di 10, títí ó fi di wákàtí. N kì í dágbére, n kì í sì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń ké. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń fi okùn mú un yí ààlà ilẹ̀ ká.

Dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, mo sì mú abo ajá àgbà kan tó ti mọṣẹ́ wá bá a. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló tó fara balẹ̀. Ó ṣì ń gbó lóru, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.