Bí mo ṣe yanjú “sphinx-build” tí kò ṣeé rí nígbà tí mò ń tún ìwé ìtọ́sọ́nà Django ṣe

Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ tún ṣe nínú ìwé ìtọ́sọ́nà Django (irinṣẹ́ Python tí a fi ń kọ́ ìkànnì ayélujára), torí ó ń da àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kóòdù ní Àkúrẹ́ níbí láàmú gan-an. Mo wọ inú fódà docs, mo tẹ `make html`, àṣẹ tó ń sọ ìwé náà di ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù. Ó ní òun kò rí sphinx-build, ìyẹn àṣẹ Sphinx, irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Mo tẹ `pip install sphinx`, Ubuntu mi kọ̀ jálẹ̀: externally-managed-environment, ìyẹn ni pé kò gbà kí pip fi nǹkan sínú Python tirẹ̀ tààrà. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Pàbó ló já sí.

Ìgbà tí iná dé lálẹ́ ni mo tó rí i pé n kò ṣe virtualenv (àyè Python àdáni fún iṣẹ́ kan) rárá. Mo jáde kúrò nínú docs, mo wá tẹ ìwọ̀nyí:

python3 -m venv ~/djangodev
source ~/djangodev/bin/activate
python -m pip install -r docs/requirements.txt
cd docs
make html

Ìlà kẹta yẹn gan-an ló gbé Sphinx wọlé. Ẹ ṣí `_build/html/index.html`, ẹ ó rí iṣẹ́ yín. Inú mi dùn dọ́ba nígbà tí mo rí gbólóhùn mi níbẹ̀!

Orí Ubuntu ni mo ti ṣe é o. `make.bat html` ni ti Windows, àmọ́ n kò tíì dán an wò fúnra mi.