Isoetes méjì tó jọra bí ìbejì: èwo ló wà lọ́wọ́ mi yìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lọ sí adágún kan lórí òkè ní Wales lóṣù kẹsàn-án, mo bá ewéko kan létí omi tí ìgbì ti gbé jáde, tewé-tegbòǹgbò, ewé ẹ̀ rí ṣọọrọ bí ti àlùbọ́sà eléwé, ìdí ẹ̀ funfun ó sì wú. Ó jọ Isoetes, ewéko inú omi kan. Ìwé ní irú kan, Isoetes lacustris, máa ń le, irú kejì, Isoetes echinospora, máa ń rọ̀. Tèmi ò le, kò sì rọ̀ dáadáa. Kí ni kí n pè é?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ fi abẹ gé ewé kan ní ìbú. Tó o bá rí ihò mẹ́rin, Isoetes ni, tó bá jẹ́ méjì, Lobelia dortmanna, ewéko omi mìíràn, ni, torí inú adágún kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ní ti líle àti rírọ̀ yẹn, má gbára lé e jù, ó ti tàn mí jẹ rí. Lóòótọ́ lacustris sábà máa ń dúró gangan tó o bá yọ ọ́ nínú omi, echinospora á kàn wó bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa, àmọ́ mo ti rí lacustris tó rọ̀ jọ̀bọ̀. Spore, ìyẹn hóró wẹ́wẹ́ tó fi ń bí sí i, tó wà nínú ìdí ewé, ni kó o wò. Ibẹ̀ náà lorúkọ ti wá, nígbà tí Durieu, onímọ̀ ewéko, sọ ọ́ ní echinospora ní 1861, ohun tó ń wí ni pé spore ẹ̀ lẹ́gùn-ún.

Ìbéèrè: Mo ya ìdí ewé kan, nǹkan bí ìyẹ̀fun lásán ló dà jáde.

Ìdáhùn: Ewé àárín lo ya, spore akọ ló wà níbẹ̀. Ya ti ẹ̀yìn pátápátá, èyí tó wà níta, wàá rí hóró bí iyọ̀, spore abo nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo ti rí i o, ṣùgbọ́n lábẹ́ lẹ́ǹsì ó kàn ń dán.

Ìdáhùn: Ṣé kì í ṣe pé ó ṣì tutù? Omi máa ń bo ara ẹ̀ ni. Dà á sórí páálí dúdú kó gbẹ, á kúrò ní àwọ̀ eérú á funfun, kó o wá fi lẹ́ǹsì onílọ́po ogún wò ó. Ti echinospora á yọ ẹ̀gún ṣóńṣó-ṣóńṣó bí òòrẹ̀, ti lacustris á kàn hunjọ bí orí ìka ẹni tó ti ń fọṣọ látàárọ̀. Tó bá ṣì ń dán, kò tíì gbó nìyẹn, má sì torí ẹ̀ lọ fa òmíràn tu o, òfin 1981 tí wọ́n ní níbẹ̀ ò gbà kéèyàn hú ewéko inú igbó láìgbàṣẹ onílẹ̀, dúró de èyí tí omi bá gbé wá.

Ìbéèrè: Ó ti gbẹ. Ẹ̀gún ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gún kìkì!

Ìdáhùn: Echinospora nìyẹn. Tètè kọ ọjọ́ àtorúkọ adágún yẹn sára àpò ẹ̀ kó o tó gbàgbé.